Salimat Tó Ń Wẹ Ọmọ Ọlọ́mọ

Bí ẹ bá dé Riverdale níbí, lẹ́bàá Atlanta, lónìí tí ẹ béèrè Salimat Shittu lọ́wọ́ àwọn ìyàwó ilé wa, wọ́n á ní àwọn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni Salimat ti rí ní ìhòòhò. Òun ló fi aṣọ tó rì bọ omi gbígbóná tẹ ikùn wọn nígbà tí wọ́n bímọ, òun ló wẹ ọmọ wọn, òun ló se ọbẹ̀ ata tí wọ́n mu kí omi ọyàn wọn tó wá. Èmi ò sí lára wọn, mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń bímọ. Mọ́sáláṣí kan náà ni èmi àti Salimat ń lọ, ilé mi ò sì jìnnà sí tirẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tó dí mi lẹ́nu.

Ìlọrin ni wọ́n bí i sí. Ó kàwé gboyè, ó sì ṣiṣẹ́ ní báńkì débi pé òun ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó wà ní káúńtà. Nígbà tí Surajudeen, ọkọ rẹ̀, ní kó máa bọ̀ ní Amẹ́ríkà, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ní òun á rí òmíràn tóun bá dé ọ̀hún. Surajudeen ń wa tírélà. Ó lè kúrò nílé lónìí kó lo ọ̀sẹ̀ méjì lójú títì, tó bá sì dé, oorun ni. Kí Salimat tó mọ̀nà ilé ìtajà tán, ó ti lóyún Tawheed.

Ó ní kí ìyá òun wá bá òun tọ́jú ọmọ, bí ìyá gbogbo ṣe máa ń ṣe, àmọ́ wọn ò fún màmá ní físà. Wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò fún un. Bó ṣe bímọ tán nìyẹn tó ku òun nìkan sínú ilé. Ó gbé fóònù ti ìgò àdí àgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ báfù, ìyá rẹ̀ ń wò ó láti Ìlọrin, ó ń sọ ohun tó máa ṣe fún un: gbé orí rẹ̀ sókè, na apá yẹn dáadáa, má bẹ̀rù, kò ní kán. Salimat ń sunkún, ọmọ ń sunkún, ìyá àgbà náà ń sunkún lórí fóònù. Nígbà tó fi máa bí Nusaybah, fóònù ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́. Nígbà tó bí Haneef, ó kàn pe ìyá rẹ̀ kí wọ́n lè jọ máa ṣeré ni.

Gbogbo ọdún yẹn, ilé ló wà. Surajudeen kì í ṣe èèyàn burúkú, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ lọ́jọ́ kan ó gba àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lálejò, Salimat ń gbé oúnjẹ fún wọn, ọkùnrin yìí sì nawọ́ gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun nìkan lòun ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ohun tó dun Salimat jù nìyẹn, pé ọkọ òun sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ń rọ̀ níta. Ó gbé àwo tó kù kalẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó sì pinnu pé bí Haneef bá ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, òun á padà síṣẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló dí i lọ́wọ́: bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé ló ń gbé àwọn ọmọ wálé lọ́sàn-án, àwọn ọmọ ńláńlá lè bọ́ sílẹ̀ fúnra wọn. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọmọ tó kéré bíi Haneef, tí awakọ̀ ò bá rí àgbàlagbà kan tó dúró létí títì, kò ní jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Ilé ìwé ló máa gbé e padà sí. Bàbá rẹ̀ wà lójú títì, ìyá ìyá rẹ̀ wà ní Ìlọrin, kò sí àbúrò, kò sí ẹ̀gbọ́n, èmi náà ṣì ń lọ síṣẹ́ nígbà náà. Iṣẹ́ yòówù tí Salimat bá fẹ́ ṣe, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó máa jẹ́ kó dúró síbẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó dé. Ohun tó ń wá nìyẹn, kò wá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Downtown. Obìnrin tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò béèrè ohun tó ti ń ṣe láti ìgbà tó ti kúrò ní báńkì. Salimat ní òun ń tọ́ ọmọ mẹ́ta. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n kí ló ń ṣe. Wọ́n gbà á ṣá, wọ́n gbé e síbi tí wọ́n ti ń to fáìlì, wọ́n sì sọ fún un pé iṣẹ́ náà flexible, pé ó ṣeé tẹ̀ síbi tó bá wù ú, pé àwọn fẹ́ràn àwọn ìyá. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ pé òun ni wọ́n fẹ́ kó máa tẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́. Òní wọ́n á ní kó wá láàárọ̀, ọ̀la wọ́n á ní kó wá lọ́sàn-án, wọn ò sì ní sọ fún un títí di ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ tí ibà mú Nusaybah tí ilé ìwé ní kó wá mú un, ọ̀gá rẹ̀ wo aago lójú rẹ̀ kó tó dá a lóhùn. Oṣù kejì ò tíì pé tí wọ́n fi ní àwọn ò nílò rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ sí Conyers, níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù sínú páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Wọ́n ṣèlérí pé yóò máa ṣíwọ́ lásìkò. Ṣùgbọ́n tí ẹrù bá pọ̀, wọ́n á sún àsìkò ìṣíwọ́ yẹn síwájú, kò sẹ́ni tó lè lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé Haneef padà sílé ìwé. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọmọ náà tọ̀ sára nínú bọ́ọ̀sì, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Salimat ò padà sí Conyers lọ́jọ́ kejì.

Ẹnu rẹ̀ ló wà tí ìyàwó Yakub, ọmọbìnrin kékeré kan ní mọ́sáláṣí wa, fi bímọ. Wọn ò fún ìyá tiẹ̀ náà ní físà. Nígbà tí a lọ kí i, ọmọbìnrin yìí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn pẹ̀lú aṣọ tó ti rin ṣìnkìn fún omi ọyàn, ọmọ ń ké, kò sì mọ ohun tó máa fi dá a lóhùn. A kí i, a ṣàdúrà, a gbé oúnjẹ kalẹ̀, a ń múra àtilọ. Salimat nìkan ló bọ́ híjáàbù rẹ̀ sórí àga, ó ká apá aṣọ sókè, ó béèrè ibi tí báfù wà. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí bọ́ọ̀sì àárọ̀ ti gbé àwọn ọmọ rẹ̀, ó tún padà lọ. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ọmọ náà fi pé ogójì ọjọ́, kò sì sí ọjọ́ kan tí bọ́ọ̀sì ọ̀sán ò bá a létí títì.

Ohun tó ń wá ní ọ́fíìsì tí kò rí, inú báfù ló ti bá a. Ìròyìn tàn dé àwọn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é, àwọn tó ń ṣòwò ń pè é, àwọn tó níwèé ẹ̀rí jù ú lọ ń pè é, nítorí kò sí ìwé ẹ̀rí tó ń wẹ ọmọ. Wọ́n ń sanwó fún un, ó sì tọ́ sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló là á sílẹ̀ fún wọn: òun á dé lẹ́yìn bọ́ọ̀sì àárọ̀, òun á sì lọ ṣáájú bọ́ọ̀sì ọ̀sán, kódà bí ọbẹ̀ bá wà lórí iná. Gbogbo wọn gbà. Surajudeen dé láti ojú títì lọ́jọ́ kan, ó bá ìyàwó rẹ̀ tó ń kọrin nínú kíṣìnnì, ó béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé kò sí nǹkan.

Mummy ni wọ́n ń pè é. Kò tíì pé ọdún méjìlélógójì nígbà náà, ó sì jẹ́ pé ọdún díẹ̀ ló fi ju àwọn míì nínú wọn lọ. Lákọ̀ọ́kọ́ kò bá a lára mu, ó ní wọ́n ń sọ òun di arúgbó. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó di ohun tó dùn mọ́ ọn. Ó sọ fún mi nígbà kan pé ní báńkì, "ma" ni wọ́n ń pe òun, àmọ́ kò sẹ́ni tó fi orí rẹ̀ lé òun léjìká sunkún níbẹ̀. Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó ṣọ́ra, ọmọ tí a ò bí kì í pẹ́ gbàgbé.

Bó ṣe wà nìyẹn tí Abímbọ́lá Oyèkànmí fi pè é. Ọ̀gá ni Abímbọ́lá níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Downtown, ó ń lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa tó tóbi, ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní débi pé Salimat ń bọ́ bàtà kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ ń jẹ́ Seth. Ọmọ Yorùbá ni, àmọ́ láti kékeré ni wọ́n ti gbé e wá síbí, "ẹ káàárọ̀" rẹ̀ kì í dọ́gba. Wọ́n bí ọmọkùnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Ṣèyífúnmi. Ìyá Abímbọ́lá wà ní Abẹ́òkúta, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti kọ̀ láti fún un ní físà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Salimat dé, ìyá ìkókó yìí di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é bí màmá mi ṣe máa ṣe é. Everything. Mi ò fẹ́ ti àwọn òyìnbó."

Salimat ṣe é bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀, wọ́n á gbé fóònù ti ara ògiri, ìyá àgbà á máa wò láti Abẹ́òkúta. Salimat á fi ọṣẹ àti kànrìnkàn wẹ ọmọ lórí itan rẹ̀, á fi omi gbígbóná àti àtẹ́lẹwọ́ tún orí rẹ̀ ṣe, á fi òrí pa á lára, á na apá, á na ẹsẹ̀, á dì í mú lápá méjèèjì kí ara rẹ̀ lè gùn. Lópin, á jù ú sókè díẹ̀, á hán an, kí ẹ̀rù má baà máa bà á tó bá dàgbà. Bí wọ́n ṣe ṣe gbogbo wa nìyẹn. Ìyá àgbà á máa pariwo lórí fóònù pé kó tún jù ú, Abímbọ́lá á máa rẹ́rìn-ín, ọmọ náà á ké díẹ̀, lẹ́yìn náà á sùn fọnfọn títí di ọ̀sán.

Kámẹ́rà kékeré kan wà ní igun yàrá náà, funfun báláú. Salimat rí i, ó béèrè ohun tó wà fún. Abímbọ́lá ní nítorí oorun ọmọ ni, kí àwọn lè máa wò ó láti yàrá kejì. Salimat wá béèrè bóyá bàbá ọmọ mọ báwọn ṣe ń wẹ ọmọ rẹ̀, nítorí kò tíì sí nílé rí lásìkò ìwẹ̀. Abímbọ́lá rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni ti Seth nínú ìwẹ̀ ọmọ. Ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Salimat bá wọn rẹ́rìn-ín. Ta ló ń pe ọkùnrin wá wo bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ ní ilé wa? Bàbá á gbà á nígbà tó bá ti mọ́ tó ti sùn, kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé ìyókù fún un. Obìnrin mẹ́ta ló wà nínú yàrá yẹn, ọ̀kan lórí fóònù, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó rántí pé Atlanta làwọn wà.

Ọjọ́ Thursday ni. Seth wà níbi iṣẹ́, ó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ yangàn fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó ṣí kámẹ́rà sórí fóònù rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni obìnrin kan tó di ọmọ ìkókó mú lápá méjèèjì, tí ọmọ ń fì, tó sì wá jù ú sókè. Wọ́n ní obìnrin òyìnbó kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ní òmíràn sọ pé tóun bá ni ọmọ náà, òun ti pe ọlọ́pàá. Seth ò pe ìyàwó rẹ̀. Ọlọ́pàá ló pè.

Nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn, Salimat ń fi òrí pa ọmọ lẹ́sẹ̀. Abímbọ́lá ló lọ ṣí i. Ọlọ́pàá méjì wọlé, obìnrin kan àti ọkùnrin kan, wọn ò bọ́ bàtà. Obìnrin náà gba ọmọ lọ́wọ́ Salimat, Salimat sì gbé e fún un jẹ́jẹ́, ó ń ṣàlàyé pé òrí wà lára rẹ̀, kó dì í mú dáadáa kó má yọ̀. Wọ́n béèrè ẹni tó jẹ́. Salimat yíjú sí Abímbọ́lá. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé Abímbọ́lá ló yẹ kó sọ ọ́, nítorí òun ló nilé, òun ló mọ orúkọ tó ń pe òun láràárọ̀.

Abímbọ́lá wo ọlọ́pàá, ó wo ọmọ, ó wo kámẹ́rà tó wà ní igun ilé. Ó ní, "She's the nanny. Salimat."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Kò sí Mummy, kò sí Aunty níwájú rẹ̀, bí ìgbà tí ẹni ń pe ọmọ ọ̀dọ̀. Ọlọ́pàá béèrè bóyá ó mọ ohun tí obìnrin yìí ń ṣe fún ọmọ rẹ̀. Ó ní rárá, òun máa ń wà ní báluwẹ̀ nígbà náà. Fóònù ṣì wà lára ògiri. Ìyá àgbà ń sọ̀rọ̀ láti Abẹ́òkúta, ó ń béèrè pé Bímbọ́, kí ló dé, ta ni wọ́n ń bá wí, kí ni Mummy ṣe. Abímbọ́lá rìn lọ síbẹ̀, ó sì pa fóònù náà.

Mo ti bi Salimat pé kí ló dé tí kò sọ òótọ́ níbẹ̀. Òyìnbó ẹnu rẹ̀ dára ju tèmi lọ, báńkì ló ti wá. Ó ní ẹnu ń yún òun láti sọ ọ́, àmọ́ òun wo ọmọbìnrin náà tó dúró pẹ̀lú aṣọ alẹ́, tí ikùn rẹ̀ ò tíì wálẹ̀, òun sì rò ó pé tóun bá ní ìyá ọmọ ló ní kóun ṣe é, wọ́n lè gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun tún ń retí pé kó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Òun ń retí, òun ń retí. Èmi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó dá yín lójú. Mo máa tú gbogbo rẹ̀ síta níwájú wọn.

Wọ́n ní kó jókòó, wọ́n ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan náà ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Obìnrin kan láti ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé tún dé, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Salimat ń wo aago ara ògiri. Ó sọ fún wọn pé ọmọ òun ń bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, pé kò sẹ́lòmíràn. Wọ́n ní kó fara balẹ̀, kò ní pẹ́. Ó tún sọ ọ́. Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó wo Abímbọ́lá, tó mọ bọ́ọ̀sì náà, tó mọ orúkọ Haneef, tó máa ń sọ pé Mummy, àsìkò bọ́ọ̀sì yín ti tó. Abímbọ́lá ń wo ilẹ̀.

Èmi ni ilé ìwé pè, nítorí orúkọ mi ló tẹ̀lé tàwọn òbí rẹ̀ nínú ìwé wọn. Mo bá Haneef lórí àga ní ọ́fíìsì wọn, báàgì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni bá a bọ́ ọ. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Is Mummy with the baby?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun mọ̀.

Wọ́n gbé Ṣèyífúnmi lọ sílé ìwòsàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Wọ́n tiẹ̀ ní ọmọ náà le dáadáa. Ìjọba wá sí ilé Salimat lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wo àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ti ìjọba parí lóòótọ́. Tiwa ni kò parí. Seth ti gé fídíò náà, ó ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì dé orí WhatsApp gbogbo wa. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí Salimat ti gbé ọmọ sókè, ibi tó parí sí ni ibi tó ti hán an. Wọn ò fi ẹ̀rín Abímbọ́lá sí i, wọn ò fi ohùn ìyá àgbà sí i.

Ẹnu ya mi sí àwọn obìnrin wa. Àwọn tó wẹ ọmọ fún, àwọn tó fi orí lé e léjìká, wọ́n ń fi fídíò náà ránṣẹ́ síra wọn, wọ́n ń kọ "Jesus" àti "Subhanallah" sábẹ́ rẹ̀. Ìyàwó Yakub, tó ti bí ọmọ kejì, tó jẹ́ pé Salimat náà ló wẹ̀ ẹ́, sọ ní àsàlátù pé ọwọ́ Salimat ti máa ń le jù fún òun tẹ́lẹ̀. Mo dìde nílẹ̀ mo sọ ohun tó wà nínú mi fún un, títí dòní kì í kí mi. Kí ó má kí mi. Fóònù Salimat dákẹ́. Àwọn tó ti bá a ṣàdéhùn, àwọn tí ikùn wọn ti dé àgbọ̀n, gbogbo wọn ló rí ẹlòmíràn tàbí kí wọ́n ní àwọn á ṣe é fúnra àwọn.

Abímbọ́lá kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó ní kó má bínú, ó ní ẹ̀rù ló ba òun, ó ní Mummy ló yẹ kó yé jù. Salimat kà á, ó sì fi hàn mí. Ìyá àgbà láti Abẹ́òkúta náà fi ohùn ránṣẹ́, ó ń sunkún, ó ní òun ti fẹ́ sọ̀rọ̀ àmọ́ ọmọ òun ti kìlọ̀ fún òun kí òun má da ilé rẹ̀ rú. Ní ti Surajudeen, kò pariwo. Ó jẹun tán, ó nu ọwọ́, ó ní òun kúkú ti sọ pé kó jókòó sílé tẹ́lẹ̀. Salimat ò jókòó sílé. Ó padà sí Conyers.

Iṣẹ́ ọ̀sán ni wọ́n fún un níbẹ̀ báyìí, òun kọ́ ló mú un, ohun tó wà nìyẹn. Ó ń jáde kí bọ́ọ̀sì tó dé, àwọn ọmọ rẹ̀ á ti sùn kó tó wọlé. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, èmi ni mò ń dúró létí títì de Haneef. Ó ti ń gùn, kò ní pẹ́ tí awakọ̀ á fi máa jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ títí di ìsinsìnyí, ó ṣì máa ń wo ẹ̀yìn mi kó tó bọ́ sílẹ̀, bóyá ẹlòmíràn ló dúró níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Salimat yà sí ilé mi kó tó lọ síṣẹ́. Aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ọsàn wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń bá mi bó ẹ̀wà nínú kíṣìnnì, ọwọ́ rẹ̀ kún fún èèpo. Fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì. Ó wo orúkọ náà, ó ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta. Abímbọ́lá ni. Ọmọ ìkókó kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀, irú igbe ọmọ tí afẹ́fẹ́ há sí nínú. Ó ní òun ti bí òmíràn, obìnrin ni. Ó ní wọn ò tún fún màmá òun ní físà. Ó ní òun ti bá Seth sọ̀rọ̀, Seth ti gbà, wọ́n á yọ kámẹ́rà yẹn, wọ́n á fi kún ohun tí wọ́n ń san. Ọmọ ń ké bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lóhùn pẹ̀lú ìbínú. Mi ò ní ẹlòmíì. Mummy. Ẹ ṣáà wá lẹ́ẹ̀kan. Mummy, are you there?"

Mo wo Salimat. Ọwọ́ rẹ̀ ti dúró nínú omi ẹ̀wà. Mo rí i pé ó ń gbọ́ igbe ọmọ yẹn, mo rí i tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra lábẹ́ tábìlì, bí ìgbà tó bá fẹ́ gba ọmọ lé itan. Mo rò pé ó máa gbà, Ọlọ́run ló mọ̀, inú bí mi dé ibi pé mo fẹ́ pa fóònù náà fúnra mi.

"Ẹ fi ìdùbúlẹ̀ gbé e lé apá òsì," ló wí. "Kí ikùn rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Ẹ máa fọwọ́ ra á lẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ ni."

A gbọ́ bí ó ṣe ń gbé ọmọ náà yí. Igbe náà lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó tún lọ sílẹ̀, ó dákẹ́. Abímbọ́lá bú sẹ́kún, ó ní ẹ ṣé, Mummy, Ọlọ́run á bù kún yín, ẹ̀yin ni ìyá mi, nígbà wo lẹ máa wá, Mummy.

"Salimat ni orúkọ mi," ni Salimat wí. "O ti sọ ọ́ fún ọlọ́pàá."

Ó ní kí n bá òun pa á, mo sì pa á. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó fi etí aṣọ iṣẹ́ náà nu ún, ó wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ títí ó fi rí i lábẹ́ èèpo ẹ̀wà. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí, ó yíjú padà, ó ní Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè jáde lónìí, nítorí bọ́ọ̀sì Haneef máa ń tètè dé lọ́jọ́ Friday.